Ọta Wo Ló Tọ́ sí Kóyótì?

Tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìbọn ní Montana tàbí Texas lónìí, tí ẹ ní ẹ fẹ́ ra ọta tí ẹ ó fi dọdẹ kóyótì, ẹ má retí pé wọ́n á kàn na páálí kan sí yín. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Báwo ni ibi tí ẹ ti máa yìn ín ṣe jìn tó? Ṣé ilé èèyàn wà nítòsí? Ṣé ẹ fẹ́ ta awọ ẹ̀ ni, àbí ẹ kàn fẹ́ kó kúrò lẹ́yìn àgùntàn yín? Tó bá sì jẹ́ California ni, ìbéèrè mìíràn tún wà: ṣé òjé wà nínú ọta náà?

Ìbéèrè ọjà lásán ni wọ́n jọ lójú. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìtàn tiẹ̀, ìtàn náà sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ohun tí a fẹ́ ṣe níbí ni ká to ìtàn yẹn bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó dá wa lójú pé téèyàn bá fẹ́ mọ ojú tí àwùjọ kan fi ń wo ẹranko kan, kó lọ wo ohun tí wọ́n fi ń pa á.

Kí tiẹ̀ ni kóyótì? Ẹbí ajá àti ìkookò ni. Ó kéré sí ìkookò, ó ga ju kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ. Etí ẹ̀ dúró ṣánṣán, ìrù ẹ̀ kún, àwọ̀ ara ẹ̀ sì dà bí eérú tó pò mọ́ yanrìn. Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wúwo ju kílò 15 lọ. Inú èdè Nahuatl, èdè àwọn Aztec ní Mexico, ni orúkọ náà ti wá. Coyotl ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Sípéènì gbà á lẹ́nu wọn, àwọn Òyìnbó Amẹ́ríkà sì gbà á lẹ́nu àwọn ará Sípéènì. Nígbà tí ikọ̀ Lewis àti Clark ń gba ojú odò Missouri lọ ní 1804, wọn ò mọ ohun tí wọn ì bá pè é, wọ́n bá ń pè é ní ìkookò orí pápá. Ọdún 1823 ni Thomas Say, onímọ̀ nípa ẹranko, tó fún un ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò dòní, Canis latrans, ìyẹn ajá tó ń gbó.

Àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí Òyìnbó tó dé ti mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́. Nínú ìtàn ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wọn, ipò tí Ìjàpá wà nínú àlọ́ tiwa ni kóyótì wà nínú tiwọn. Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Ó ń tan ẹlòmíràn jẹ, òun náà sì ń kó sí pańpẹ́ ara ẹ̀. Nígbà míì á kú sínú ìtàn, nígbà tó bá tún di ìtàn kejì, á ti jí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà jọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọta ò tíì di olórí ọ̀rọ̀. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọdẹ pa ẹfọ̀n orí pápá Amẹ́ríkà débi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán. Màlúù àti àgùntàn wá gba ipò wọn. Ìkookò tó ń jẹ ẹfọ̀n tẹ́lẹ̀ bá yíjú sí ẹran ọ̀sìn. Májèlé tí wọ́n ń pè ní strychnine ni àwọn olówó ẹran fi dá a lóhùn. Wọ́n á pa ẹran kan, wọ́n á bu májèlé sí i lára, wọ́n á gbé e sórí pápá, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ohunkóhun tó bá jẹ níbẹ̀, ó di òkú: ìkookò, kóyótì, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ẹyẹ idì, títí dé orí ajá àwọn fúnra wọn.

Ìjọba náà dá sí i. Ní 1915, ilé aṣòfin àpapọ̀ ya dọ́là 125,000 sọ́tọ̀ kí ìjọba lè máa gba àwọn ọdẹ síṣẹ́ láti pa ẹranko tó ń pa ẹran jẹ. Ní 1931, wọ́n fi òfin gbé iṣẹ́ náà dúró gbọn-in. Kí àwọn ọdún 1930 tó parí, ìkookò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Kóyótì ńkọ́? Digbí ló wà. Ibi tí ìkookò ṣófo sílẹ̀, ó gbà á. Ó kọjá odò Mississippi, ó wọ inú igbó ìlà-oòrùn, ó sì wọ àárín ìlú. Lónìí, nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, Hawaii nìkan ni kò dé, òkun ló sì dá a dúró.

Ẹnì kan tó gbìyànjú láti mọ ìdí rẹ̀ ni Adolph Murie. Ó wọ ọgbà ẹranko Yellowstone lọ, ó ń ṣa ìgbẹ́ kóyótì jọ, ó ń tú u wò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìwé ẹ̀ jáde ní 1940. Ohun tó rí ni pé eku àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ kóyótì, kì í ṣe àgbọ̀nrín bí àwọn èèyàn ṣe rò. Àwọn onímọ̀ tó tún wá lẹ́yìn ẹ̀ rí nǹkan mìíràn. Abo kóyótì kan sábà máa ń bí bíi ọmọ mẹ́fà. Tí wọ́n bá pa púpọ̀ nínú wọn ládùúgbò kan, oúnjẹ á pọ̀ fún àwọn tó kù, àwọn abo tí kò tíì máa bí tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bí, ọmọ tó máa yè á sì pọ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe ń gé e ló ń rú.

Ọ̀rọ̀ ọta wá wọlé wàyí. Ẹ gbọ́ ná, ká tó máa pe orúkọ ọta, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ.

Àwọn tó bá mọ ìbọn ṣakabùlà tàwọn ọdẹ wa mọ̀ pé ọdẹ fúnra ẹ̀ ló ń ro ẹ̀tù sẹ́nu ìbọn, á fi ọta tẹ̀ lé e, á sì fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀. Ọta ìgbàlódé kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú kan. Ìkarahun idẹ ni ilé ẹ̀. Ẹ̀tù wà nínú ìkarahun yẹn. Nǹkan kékeré kan wà nídìí ẹ̀ tó máa ń ṣáná tí irin ìbọn bá gbá a. Orí ẹ̀ ni ohun tó ń fò lọ bá ẹran, òjé tí wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé bí ìgbà tí wọ́n fi ewé pọ́n ẹ̀kọ. Inú ọ̀pá ìbọn náà ò dán bí ti ṣakabùlà. Ilà wà nínú ẹ̀ tó lọ́ bí okùn, ilà yẹn ló ń mú kí ọta máa yí bí òkòtó bó ṣe ń lọ, kó má baà ta gìrọ́gìrọ́ lójú ọ̀nà.

Ìṣòro tí kóyótì gbé ka iwájú àwọn tó ń ṣe ọta yàtọ̀ sí ti àgbọ̀nrín. Ẹran kékeré ni, ojú ẹ̀ mú, imú ẹ̀ mú, orí pápá gbalasa tí kò sí igi téèyàn lè sá pamọ́ sí ló sì ń gbé. Téèyàn bá rí i, ó lè wà ní mítà 200, ó lè wà ní 300. Ọta .30-30 tó jáde ní 1895, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní nílé, wúwo ní giráàmù 10 ó lé, ó sì ń rìn ní nǹkan bíi mítà 600 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó tó pa àgbọ̀nrín nínú igbó. Ṣùgbọ́n kì í jìnnà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ẹni tó bá sì ṣi ọ̀nà wọ̀n díẹ̀ báyìí, abẹ́ ẹsẹ̀ kóyótì ni ọta ẹ̀ máa gbà kọjá. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọta tó fúyẹ́, tó yá, tí ọ̀nà ẹ̀ tọ́ gbọọrọ.

Ní 1915, ilé iṣẹ́ Savage gbé ọta kan jáde tí Charles Newton ṣètò ẹ̀, wọ́n pè é ní .250-3000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yẹn kì í ṣe àwàdà o. Iye ẹsẹ̀ bàtà tó ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni, ìyẹn nǹkan bíi mítà 914. Kí wọ́n lè dé orí iye yẹn, kí wọ́n sì lè fi polówó ọjà, ńṣe ni wọ́n dín orí ọta náà kù sí giráàmù 5.6. Láti ìgbà yẹn ni eré sísá ti di ohun tí àwọn tó ń ta ọta fi ń figagbága.

Lẹ́yìn náà ni Agbọ́n dé. Àwọn kan ní Springfield Armory, ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba tó wà ní Massachusetts, mú ọta kékeré kan tó ti wà láti 1885, wọ́n tún un ṣe. Townsend Whelen tó jẹ́ sójà àti Grosvenor Wotkyns wà lára wọn. Orúkọ tí wọ́n fún un ni .22 Hornet, agbọ́n náà sì ni ìtumọ̀ ẹ̀ ní tòótọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni Winchester bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Orí ẹ̀ ò ju giráàmù 3 lọ. Kì í pariwo púpọ̀, kì í ta ẹni tó yìn ín léjìká, ó sì tó fún kóyótì tí kò bá jìn ju mítà 150 lọ.

Nígbà tó di 1935, Winchester tún gbé òmíràn dé, .220 Swift. Òun ni ọta ọjà àkọ́kọ́ tó kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mítà 1,250 ni tí a bá fi ìwọ̀n tiwa kà á, ó ju ìlọ́po mẹ́ta eré tí ohùn ń sá nínú afẹ́fẹ́ lọ. Kóyótì tó wà ní mítà 300 ti ṣubú kó tó lè gbọ́ ìró ìbọn. Àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ ẹ̀ títí. Àwọn kan yìn ín dókè, àwọn kan ní iná ẹ̀tù tó pọ̀ nínú ẹ̀ ń jẹ inú ọ̀pá ìbọn kíákíá. Àwọn méjèèjì ló ní òótọ́ lẹ́nu.

Ogun Àgbáyé Kejì wá gba ọta lọ́wọ́ àwọn ọdẹ. Sójà ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń ṣe é fún. Ẹ wo ohun tí àwọn èèyàn fi ọgbọ́n ṣe: wọ́n ń ṣa ìkarahun ọta .22 kékeré, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ta páálí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yìn ín tán. Wọ́n á fi irinṣẹ́ tẹ ìkarahun yẹn yí òjé ká, ó sì di orí ọta tuntun. Fred Huntington ní Oroville, California, ṣe irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 1943, ó pè é ní Rock Chuck Bullet Swage. Rock chuck jẹ́ ẹranko kan tó ń gbẹ́ ihò sáàárín òkúta. Ìyẹn ni ilé iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí RCBS lónìí. Joyce Hornady náà gba irú ọ̀nà yẹn kó tó dá ilé iṣẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀ ní Nebraska ní 1949. Orí pàǹtírí ni òwò ńlá yìí ti hù.

Lẹ́yìn ogun, ọta ya wọ ọjà bí òjò. Ní 1950, Mike Walker ti ilé iṣẹ́ Remington ṣe .222, tó ń rìn bíi mítà 975, tó sì ń lọ síbi tí wọ́n bá rán an gẹ́lẹ́. Ní 1955, Winchester gbé .243 jáde. Oríṣi méjì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀: èyí tó wúwo giráàmù 5.2 fún kóyótì àti àwọn tó kéré sí i, èyí tó wúwo giráàmù 6.5 fún àgbọ̀nrín. Ẹni tó bá lówó ìbọn kan ṣoṣo lè fi ṣe iṣẹ́ méjì. Ní 1964, ọta .223 dé. Sójà ni wọ́n ṣètò ẹ̀ fún, fún irú ìbọn tó padà di M16. Nítorí pé ológun ń lò ó, ó pọ̀ káàkiri, owó ẹ̀ sì wálẹ̀.

Ìtàn .22-250 dùn ju gbogbo wọn lọ lójú tiwa. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó kọ́kọ́ bí i. Àwọn ọdẹ àti àwọn tó ń tún ìbọn ṣe, Wotkyns náà wà lára wọn, ló mú ìkarahun .250 ti Savage, wọ́n fún un lọ́rùn kó lè gba orí ọta tó tẹ́ẹ́rẹ́. Bíi ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń ṣe é lábẹ́ ilé, tí wọ́n ń kọ́ ara wọn. Ní 1963, Browning ṣe ìbọn fún un nígbà tí kò tíì sí ilé iṣẹ́ kankan tó ń ta ọta ẹ̀. Ọdún 1965 ni Remington ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé àwọn náà á máa ṣe é. Orí ẹ̀ wúwo giráàmù 3.6, ó ń rìn ju mítà 1,100 lọ. Títí dòní, tí ẹ bá bi àwọn ọdẹ kóyótì ní ọta tí wọ́n fẹ́ràn jù, orúkọ ẹ̀ ò ní pẹ́ jáde.

Ẹ ò ní ṣàì béèrè pé: ṣé eré náà ni gbogbo ẹ̀? Rárá o. Ọta tó fúyẹ́ jù, afẹ́fẹ́ á máa gbé e kúrò lójú ọ̀nà, orí pápá tí à ń wí yìí ò sì ṣaláìní afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ní Wyoming fi fẹ́ràn .243 tó wúwo díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, irú orí tí ọta ní ṣe pàtàkì ju orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí lọ. Irú tí ológun ń lò, bàbà bò ó látòkè délẹ̀, kì í fẹjú. Ó lè gba ara kóyótì kọjá bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gba aṣọ kọjá, ẹran náà á sá lọ, á sì lọ kú ikú oró síbòmíràn. Tó bá sì kọjá, ó lè ta lára òkúta, kó gba ilé ẹlòmíràn lọ. Torí náà ni àwọn tó ń ṣe ọta kóyótì fi gbájú mọ́ orí tó rọ̀, tí ẹnu ẹ̀ ṣí tàbí tí wọ́n fi ike ṣe ṣóńṣó ẹ̀. Bó bá ṣe wọlé, á fọ́ yángá sínú ara, kò ní jáde. Ẹran á kú lójú ẹsẹ̀, ìyókù ọta ò sì ní lọ bá aládùúgbò. Ohun tó bójú mu gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ rọra, a ṣì máa padà síbẹ̀.

Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ láàárín 1970 sí 1980 tó tún sọ ọ̀rọ̀ yìí dọ̀tun. Àkọ́kọ́, ní oṣù kejì ọdún 1972, Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí àṣẹ kan tó ní kí wọ́n má ṣe fi májèlé pa ẹranko mọ́ lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Ìkejì, awọ kóyótì di owó. Òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í dí òwò awọ àmọ̀tẹ́kùn àti irú wọn lọ́wọ́ kárí ayé, àwọn tó ń rán ẹ̀wù awọ sì ń wá òmíràn. Ẹranko tí wọ́n ń fi májèlé pa bí ẹni pa eku ní àná, àwọn èèyàn ti ń fi awọ ẹ̀ san owó iná ní òní.

Ọta náà bá yí padà. Kò sí ẹni tó máa ra awọ tí ihò tó tó àtẹ́lẹwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ní 1971, Remington gbé .17 jáde. Orí ẹ̀ ò tó giráàmù 2, ibi tó gbà wọlé dà bí ibi tí ẹ̀gún gún, kì í sì í jáde. Ní 2004, ilé iṣẹ́ Hornady àti Ruger pa ọwọ́ pọ̀ ṣe .204, ó yá ju .220 Swift lọ, òun náà kì í ba awọ jẹ́ púpọ̀. Àwọn ọmọ wa tó já lọ sí Kánádà máa mọ ibi tí àwọn awọ yẹn lọ: irun tó yí etí fìlà jákẹ́ẹ̀tì olówó ńlá ká, irú èyí tí Canada Goose ń tà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé iṣẹ́ náà kéde pé kí ọdún yẹn tó parí, àwọn ò ní ra irun ẹranko mọ́. Nígbà tí awọ ò lówó lórí mọ́, ọ̀pọ̀ ọdẹ padà sórí ọta tó lágbára, tí kò bìkítà fún awọ.

A ní a máa padà síbi ọta tó ń fọ́ yángá. Wàyí o. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí òjé tó fọ́ náà? Àwọn èèyàn kì í jẹ ẹran kóyótì. Tí wọ́n bá bó awọ ẹ̀, tàbí tí wọn ò tiẹ̀ bó o rárá, orí pápá ni wọ́n máa ń fi òkú ẹ̀ sí. Òjé tó ti di ẹ̀rún kéékèèké wà nínú òkú yẹn, òmíràn kéré débi pé ojú ò lè rí i. Ẹyẹ tó bá wá jẹ ẹ́, òjé ló jẹ.

Ní California, ẹyẹ tó ń wá jẹ ẹ́ ni kọ́ńdọ̀, igún tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà ti Àríwá. Tó bá na ìyẹ́ méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 3. Ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé, ó sì sábà máa ń tó ọdún méjì kó tó tún yé òmíràn. Ní 1982, 22 péré ló kù lágbàáyé. Ní 1987, wọ́n mú èyí tó kẹ́yìn nínú igbó, wọ́n kó gbogbo wọn sínú ọgbà kí wọ́n lè máa bí. Láti 1992 ni wọ́n ti ń dá wọn padà sínú igbó díẹ̀díẹ̀. Iye wọn ti lé ní 500 báyìí. Àmọ́ nínú ohun tó ń pa àwọn tó wà nínú igbó, òjé ló ṣíwájú. Yorùbá ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Ẹnikẹ́ni ò yìnbọn sí kọ́ńdọ̀ wọ̀nyí. Kóyótì àti àgbọ̀nrín ni wọ́n yìn, igún ló kú.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, Arnold Schwarzenegger, tí ẹ mọ̀ nínú fíìmù Terminator, tó jẹ́ gómìnà California nígbà náà, fọwọ́ sí òfin kan. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2008. Òfin náà ní kí wọ́n má fi ọta tó ní òjé dọdẹ àwọn ẹran ńlá ní agbègbè tí kọ́ńdọ̀ ń gbé. Wọ́n sì dárúkọ kóyótì mọ́ ọn. Ní 2013, wọ́n ṣe òmíràn tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2019, ó ti kan gbogbo ọdẹ tó ń fi ìbọn pa ẹran ìgbẹ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà.

Ọ̀pọ̀ ọdẹ bínú, a ò sì gbọdọ̀ sọ pé wọn ò ní ìdí kankan. Bàbà ni wọ́n sábà fi ń rọ́pò òjé, bàbà sì wọ́n ju òjé lọ. Ó tún fúyẹ́ ju òjé. Kí orí ọta bàbà tó wúwo bíi ti òjé, ó gbọ́dọ̀ gùn sí i. Ọta tó bá gùn, ó gbọ́dọ̀ yára yí kó tó lè dúró lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ìbọn .22-250 àtijọ́, ilà inú wọn ò yára yí. Ínṣì 14 ni ọta gbọ́dọ̀ rìn kó tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó jogún irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ lè fi ọta bàbà tó gùn sí i, kó rí i pé kò bá ibi tó dojú kọ mọ́. Òun náà á wá ọta bàbà tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kó pààrọ̀ ọ̀pá ìbọn.

Arizona gba ọ̀nà mìíràn. Kọ́ńdọ̀ wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọn ò ṣe òfin. Láti 2005, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ń fún àwọn ọdẹ tó ń lọ sí agbègbè kọ́ńdọ̀ ní ọta tí kò ní òjé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń ṣàlàyé ìdí ẹ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ gbà. Lójú tiwa, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: ọdẹ tí wọ́n bá bá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní làákàyè, tí wọ́n sì bá ru díẹ̀ nínú owó ẹ̀, ó máa ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ò sì dúró sọ́dọ̀ igún. Ní 2022, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n yẹ ẹyẹ idì 1,210 wò láti ìpínlẹ̀ 38. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí òjé ti kó jọ sínú egungun wọn. Ẹyẹ idì funfun-orí yẹn wà lára àmì orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó wà lára owó wọn, ó wà lára ìwé ìrìnnà wọn. Ọta tí wọ́n ṣe láti fi dáàbò bo àgùntàn ti débẹ̀.

Kóyótì fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀ka ìjọba tó gba iṣẹ́ 1931 yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Wildlife Services ni wọ́n ń pè é báyìí. Ní 2021 nìkan, ó pa kóyótì tó ju 60,000 lọ, èyí tí àwọn ọdẹ aládàáni pa ò sì sí nínú ẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ìgbà kankan nínú ìtàn tí wọ́n rí kóyótì ní ibi tó pọ̀ tó báyìí. Láti 1915 tí .250-3000 ti dé, ọta ń yá sí i, ó ń lọ tààrà sí i, kóyótì sì ń gba ilẹ̀ kún ilẹ̀. Olówó àgùntàn tó pa ọ̀kan tó ń kó o lọ́dọ̀ọ́ lè rí ìsinmi lóòótọ́, a ò ní bá a jiyàn. Ẹni tó bá rò pé ọta kan á wà tó máa parí gbogbo wọn ni a fẹ́ kó ka ìtàn yìí.

Torí náà, tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọta tó tọ́ sí kóyótì, ìdáhùn tí ìtàn fún wa ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kó tó pa á lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹran má baà jìyà. Kó má kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kó bá ìbọn tó wà lọ́wọ́ ẹni mu. Ìkẹrin ni èyí tí wọ́n gbàgbé fún ọgọ́rùn-ún ọdún: ta ló máa jẹ ohun tó bá ṣẹ́ kù?

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Chicago lè máa gbọ́ igbe kóyótì lóru láì mọ ohun tó ń ké. Láti 2000 ni Stanley Gehrt àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti ń fi ẹ̀rọ sọ́rùn wọn, tí wọ́n ń tọpa wọn láàárín ìlú náà. Wọ́n ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá, wọ́n ń rìn lójú irin rélùwéè, wọ́n ń bímọ sínú ọgbà ìgbafẹ́. Níbẹ̀, òfin ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yìnbọn sí wọn, ọ̀rọ̀ .22-250 àti .243 ò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ará àdúgbò ni pé kí wọ́n dé ìdọ̀tí wọn dáadáa, kí wọ́n má gbé oúnjẹ ajá síta, kí wọ́n sì pariwo lé e tó bá sún mọ́ wọn jù.